Ọjọ́ Tí Dásùn Àkíbù Dákẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ àwọ̀ ọkọ̀ Dásùn Àkíbù, irọ́ ni onítọ̀hún ń pa. Eruku ọ̀nà abà ti kùn ún, ìpẹtà ti kùn ún, omi tòmátì ti kùn ún, títí tí ẹni tó ṣe é gan-an kò fi ní dá a mọ̀ mọ́ bí wọ́n bá gbé e dé iwájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni a mọ̀. Láti Igbó-Ọrà títí wọ inú oko lọ́hùn-ún, kò sí ọmọ tó ń rá tí kò lè fi ẹnu sín in jẹ: gbàmù-gbí, gbàmù-gbí, gbàmù. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ló ń sọ, pé ohun tó ń wí ni, "Ẹ gbẹ́rù, ẹ gbẹ́rù, ẹ dì í." Ìyàwó tuntun tó bá ti ibòmíràn fẹ́ wọ àdúgbò wa máa ń bẹ́ dìde lórí ẹní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á ní ilé ń wó. Nígbà tó bá fi máa lóyún, ọmọ inú rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ gbè é.

Àkíbù fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Èèyàn kúkurú ni, aláwọ̀ dúdú, tí etí rẹ̀ tóbi ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ti wa lọ́rì agégẹdú rí. Nígbà tí wọ́n gé gẹdú tán tó ku kùkùté, ó fi ohun tó kó jọ ra Dásùn náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì gbé e wọ ọ̀nà kan tí awakọ̀ mìíràn kò jẹ́ wọ̀ bí wọ́n bá yọ idà sí i: ọ̀nà abà tó yà kúrò lójú títì Tápà. Kòtò wà lójú ọ̀nà náà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ju òkúta sí i láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò gbọ́ pé ó balẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1983 ni Àkíbù ti ń wà á. Ibẹ̀ ló ti rí owó fẹ́ Sàrátù, ibẹ̀ ló ti rí owó sọ ọmọ wọn, Mùnírátù, lórúkọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kí i ní "Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà" bí ẹni ń kí ọba. Bí ó bá wọ àárín ìlú, ta ni í ṣe níbẹ̀? Àgbà kan tí aṣọ rẹ̀ ń rùn bí epo bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà fara pamọ́ sí. Oko àwọn ará abà jìnnà sójú ọ̀nà. Ilá àti tòmátì kò sì láfaradà. Bí a bá kó wọn sójú oòrùn ká máa retí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó dé, ilá ti di okùn, tòmátì ti di ọbẹ̀. Agogo ọwọ́ kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo abà, ọrùn ọwọ́ Baálẹ̀ ló wà, ó sì ti kú láti ọdún tí ìjọba pààrọ̀ owó. Torí náà, inú oko ni gbogbo wọn ń wà, wọ́n á máa ká ilá lọ, wọ́n á sì ṣí etí sílẹ̀. Afárá onípákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà abà. Bí Dásùn bá ti gun afárá yẹn, gbàmù rẹ̀ á di ìlọ́po méje, á gba orí òkè dé inú oko tó jìnnà jù. Ìgbà yẹn ni wọ́n á di ẹrù. Kí Àkíbù tó fi bá kòtò jà dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹrù ti wà létí ọ̀nà, olówó ẹrù ti fọ ẹsẹ̀, ọmọ ti wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ṣèpàdé lé e lórí. Bó ṣe rí nìyẹn.

Àfi ìgbà tí gíá bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni orúnkún Tíṣà Rosaline. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní abà ni obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkíbù ló sì máa ń jókòó, nítorí pé kò sí ẹni tó máa ní kí tíṣà lọ jókòó ti àpò gbágùúdá. Ọ̀pá gíá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mì títí, ó wá ń na Tíṣà lórúnkún.

"Bàbá Mùnírátù, ẹ wo ẹsẹ̀ mi! Ṣé èmi ni mo jí ẹran inú ọbẹ̀ yín jẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ó fẹ́ràn yín ni."

"Kó lọ fẹ́ràn Ìyá Mùnírátù nílé."

Ìyá Dàda dá sí i láti ẹ̀yìn. Òun ni ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn ará abà, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ẹrù náà lọ. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó máa nà yín díẹ̀díẹ̀. Ìdí àwọn ọmọ wa kò ṣáà tíì gbádùn látọjọ́ tí ẹ ti dé."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí i, bí wọ́n ṣe ń ti ọjà bọ̀, tí wọ́n kọjá lórí afárá tí wọ́n ń gun òkè, gíá fò jáde lójijì. Ọkọ̀ dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì fẹ̀yìn rìn padà wá mú un. Inú odò ló ti rí i. Omi kò kún, orúnkún lásán ni, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo Ìyá Dàda lọ sí ìpẹ̀kun ayé. Màmá náà dúró láàárín odò, ó ń fi orúkọ baba rẹ̀ pe apẹ̀rẹ̀ padà. Tíṣà Rosaline sọ̀ kalẹ̀, ó fa aṣọ sókè, ó ní:

"Bàbá Mùnírátù, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tún ọkọ̀ yìí ṣe, ọ̀kadà Ọláníyì ni mo máa máa gùn."

Ó dun Àkíbù dé eegun. Ọláníyì yìí, ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù pupa kan ni, ó sì ń gùn ún kiri ìlú bí ẹyẹ ológe. Kò tíì wọ ọ̀nà abà rí. Bí tíṣà bá wá gùn ún wọ ibẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ọ̀nà abà ti bọ́ lọ́wọ́ Àkíbù nìyẹn.

Ló bá di pé gbogbo Igbó-Ọrà di mẹkáníìkì. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ń sọ ohun tó ń ṣe gíá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kílọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, gbàmù-gbí kò dákẹ́. Èkejì ní ṣọ́ọ̀kì ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà, ọkọ̀ túbọ̀ ń fi ìlera tó ní pariwo. Ẹ̀kẹta fi etí lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí dókítà, ó ṣe hùn-ùn, hùn-ùn, ó ní ọkọ̀ náà ń bínú sí ẹnì kan. Sàrátù ní, "Ọjọ́ ogbó ló dé sí i. Èmi náà ń dún bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń dìde nílẹ̀."

Níkẹyìn, Àkíbù wà á lọ sọ́dọ̀ Gbénró, mẹkáníìkì kan ní Èrúwà.

Gbénró mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bá a dé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ dání. Kò tú nǹkan kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Àkíbù jókòó sídìí ọkọ̀.

"Ẹ fi gbogbo agbára yín tẹ búréèkì. Ẹ fi í sí gíá kìíní. Ẹ wáá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ o, torí èmi ni mo wà níwájú."

Bí Àkíbù ṣe tú u sílẹ̀, ẹ́ńjìnì fò sókè níbi tó wà, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó rí èèpo iṣu lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó tó. Ẹ pa á. Mo ti rí olè."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé pákó lé orí jáàkì, ó fi ti ìdí gíábọ́ọ̀sì sókè. Gíábọ́ọ̀sì dìde, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dìde. Irin ìdábùú tó yẹ kó máa gbé e kò mira. Àlàfo ṣí láàárín wọn tí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀.

"Bàbá Mùnírátù, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Rọ́bà kan ló yẹ kó wà níbí. Síìtì là ń pè é. Àga tí gíábọ́ọ̀sì ń jókòó lé ni, òun ló ń gbé gbogbo gbígbọ̀n mì. Epo ti ń jò sórí tiyín tipẹ́, ó ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì, ó sì ti já. Àwọn méjì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì náà ti kú. Ìdúró ni gíá yín wà látọjọ́ yìí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìjókòó, ṣé kò ní máa bú èèyàn ni?"

Àkíbù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Àánú gíá ṣe é.

Gbénró lọ ra síìtì tuntun bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó dí ibi tí epo ti ń jò ná, nítorí ó ní ẹni tí kò bá dí òrùlé kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹní. Ó fi jáàkì ti gíábọ́ọ̀sì dúró, ó ń tú bóòtù. Ọ̀kan nínú wọn ti ìpẹtà gbé mì. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ó jọ pé èébú ló gbọ́. Irin ìdábùú bọ́ sílẹ̀, rọ́bà àtijọ́ bọ́ tẹ̀lé e, jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́ bí ẹ̀dọ̀ ẹran. Ó fi tuntun síbẹ̀, ó ki àwọn bóòtù bọ̀ ọ́ láìfún wọn, ó sọ jáàkì kalẹ̀ kí ẹrù gíá jókòó dáadáa, ìgbà yẹn ló wá fún wọn pinpin. Ó ṣe ti abẹ́ ẹ́ńjìnì bákan náà.

"Ẹ ṣáná sí i."

Àkíbù ṣáná. Ó ní, "Kò gbà."

"Ó ti gbà, Bàbá. Ẹ́ńjìnì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn."

Ẹ ò rí i, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkíbù dúró lójú ọ̀nà láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ẹ́ńjìnì ṣì wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ìgbà tó délé, ó bá Sàrátù tó ń sun oorun ọ̀sán, omi ọkà kò sí lórí iná.

"Ìyá Mùnírátù, ebi ń pa mí. Ṣé o ò gbọ́ pé mo dé ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́? Ẹ yọ́ wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ. Gbàmù-gbí ni mo fi ń gbé omi kaná."

Àkíbù rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ì bá ti fi omi náà pamọ́ de ìgbà tó kàn.

Lọ́jọ́ ọjà, ó fọ ọkọ̀, ó wọ fìlà tuntun. Ó dúró díẹ̀ níwájú ilé Tíṣà Rosaline ní ìlú. Kò rí i kó jáde. Ó rò pé ó ṣì ń bínú, ó lọ. Ó gun afárá. Ọkọ̀ kọjá lórí pákó wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ológbò bá ń rìn lórí àjà. Ó dé abà kìíní, kò sí ẹrù létí ọ̀nà. Ó dé èkejì, kò sí ẹyọ èèyàn kan. Ewúrẹ́ kan tó sùn sáàárín ọ̀nà kò tilẹ̀ dìde. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ jí i. Ó wà á dé ìpẹ̀kun ọ̀nà, ó yí padà, ó ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ló gbá wọn lọ. Òun nìkan ló wọ ọjà, òun àti fìlà rẹ̀.

Gbogbo àsìkò yìí, inú oko ni àwọn èèyàn wà, wọ́n ṣí etí sílẹ̀, wọ́n ń ká ilá. Wọ́n ká a títí ilá fi tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé rẹ̀. Oòrùn kan àtàrí. Kò sí gbàmù.

Ìyá Dàda kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ó wá sí ìlú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wá lórí ọ̀kadà Ọláníyì, apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti rọ̀ lórí itan rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí Tíṣà retí gbàmù nílé títí tó fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, Ọláníyì ló sáré gbé e lọ. Bí alùpùpù ṣe mọ ọ̀nà abà nìyẹn.

"Àkíbù! Àkíbù ọmọ Àkànó! Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ìyá wa, mo wá! Mo kọjá!"

"O kọjá bí kí ni? Bí ejò?"

"Ọkọ̀ ló sàn."

"Ó sàn?" Màmá náà gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí, omi pupa ń kán sí fìlà tuntun. "Ta ló ní kó sàn?"

Àkíbù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu fìlà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní họ́ọ̀nù ni òun máa fọn. Ó fọn ún láti orí afárá lọ. Ẹ gbà mí! Gbogbo abà sá wọgbó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń fọn họ́ọ̀nù lọ́nà yẹn rí, ọkọ̀ àwọn agbowó-orí sì ni. Wọ́n á fọn ún bí ọ̀rẹ́, ẹni tó bá yọjú, ó di ọmọ ìjọba. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú àká àgbàdo, ìrù nìkan ló kù kó hù kó fi jọ òkété. Àkíbù ń pariwo pé, "Èmi ni o! Èmi Àkíbù ni!" Wọ́n ní ọgbọ́n tuntun tí àwọn agbowó-orí dá nìyẹn.

Ó so agolo mílíìkì mọ́ ìdí ọkọ̀. Wọ́n rò pé ajá ọdẹ tí wọ́n so ṣaworo mọ́ lọ́rùn ni, wọ́n kó ewúrẹ́ wọlé. Kòtò kìíní ló sì gba àwọn agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ló bá padà sí Èrúwà.

"Gbénró, jọ̀ọ́, bá mi dá a padà."

"Kí ni kí n dá padà?"

"Àìsàn tó ń ṣe é."

Gbénró rẹ́rìn-ín, ó dùbúlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó yíra padà rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó rí i pé Àkíbù kò rẹ́rìn-ín, ó dìde jókòó.

"Bàbá Mùnírátù, àwọn rọ́bà yẹn ti lọ. Aránbàtà kan ló kó wọn, ó ti fi wọ́n ṣe gìgísẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi kò lè fi ọwọ́ mi ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́. Ẹ sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n máa bọ́ sójú ọ̀nà láàárọ̀."

"Aago mélòó?"

Gbénró náà ti gbọ́ nípa agogo Baálẹ̀ tó kú. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Àkíbù fi délé, alùpùpù ti ń wọ ọ̀nà abà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ohùn tirẹ̀ tín-ínrín bíi ti ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n kì í dúró dè yín. Inú oko ló ń bá yín, á yí gba àárín ebè lọ síbi tí ilá wà. Ìyá Dàda ṣì ń ráńṣẹ́ pé ara òun kò gbà á, pé bí òun bá gbọ́ Dásùn, Dásùn lòun máa wọ̀, torí èèyàn kan pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan kì í ṣe ìrìn àjò. Iṣẹ́ yẹn ló pa Àkíbù. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, òun tí kò tú nǹkan kan rí ju ìdérí páànù lọ, ó sì dẹ bóòtù síìtì gíá. Ó dẹ ẹ́ díẹ̀, ó wa ọkọ̀ yí ilé ká: gbí. Ó tún dẹ ẹ́: gbàmù. Sàrátù gbọ́ láti inú ilé, ó gbé omi kaná.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Gbàmù-gbí, gbàmù-gbí. Ọ̀pá gíá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ. Kò tíì dé afárá tó fi wọ kòtò kan, ó gbọ́ kí nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀, tíńń. Kò wẹ̀yìn. Kòtò kejì, tíńń mìíràn. Bí ó ṣe gun afárá, ìdí gíábọ́ọ̀sì jábọ́ tòun ti irin ìdábùú, ó dá pákó lu, ó gbé Dásùn dúró gangan lórí odò. Ohùn tó ti ibẹ̀ jáde, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti wà, kò dún bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Tápà. Wọ́n ní ẹni tó ti dití láti ìgbà ogun bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Gbàmù.

Àkíbù sọ̀ kalẹ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀. Epo ń kán sínú odò. Ó jókòó sétí afárá, ó sì ń gbọ́ ohun tó ti ń gbàdúrà láti gbọ́: láti orí òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ń pe ara wọn láti oko dé oko. "Àkíbù ti dé o! Ẹ dì í o! Ẹ gbẹ́rù!" Ó gbọ́ ohùn Ìyá Dàda tó bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ó mọ bí wọ́n á ṣe máa sáré, bí wọ́n á ṣe máa fọ ẹsẹ̀. Kò pẹ́, ariwo náà rọlẹ̀. Wọ́n ti dé etí ọ̀nà. Wọ́n ti to ẹrù sójú oòrùn.

Ẹ̀fọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọláníyì ni, pẹ̀lú Tíṣà Rosaline lẹ́yìn alùpùpù, orúnkún rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n rọra fà á gba ẹ̀gbẹ́ Dásùn kọjá lórí pákó tó kù. Tíṣà wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo Àkíbù, ó ní, "Bàbá Mùnírátù, ẹ kú àfaradà." Ojú Tíṣà kò lè dúró sí ojú Àkíbù.

Ọláníyì yọ fìlà. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìyẹn gan-an ló dunni.

"Bàbá, gbogbo wọn ló wà létí ọ̀nà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń retí yín. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Àkíbù dìde, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì Dásùn.

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."